Iná Tí Mo Ṣá Kí Ọjọ́ Tó Pé

Fọ́tò kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Egbeda tí gbogbo ẹni tó bá wọlé máa ń dúró wò. Mo tẹ̀ ẹ́ tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀kùn, mo sì fi gíláàsì bò ó. Abo ìgalà kan ló wà nínú rẹ̀, ó fò sókè lórí àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò kan nǹkan kan, èéfín pupa ń ru lẹ́yìn rẹ̀, àwòdì méjì sì na ìyẹ́ sílẹ̀ lókè. Ẹni tó wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù á gbàgbé ohun tó bá wá. "Àǹtí fọ́tò, ẹ̀yin lẹ ya eléyìí? Ṣé ẹ ò rí i he lórí fóònù ṣá?" Èmi á rẹ́rìn-ín, màá ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, mo kàn wà níbẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi sọ gbólóhùn yẹn, irọ́ sì ni.

Lábẹ́ fọ́tò náà ni bẹ́ǹṣì kan wà, orí bẹ́ǹṣì yẹn sì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń jókòó sí látàárọ̀. Á mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, á kẹ̀yìn sí fọ́tò, á kọjú sí títì. Tí àkókò ìrun bá tó, á rọra dìde lọ sí mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn ilé epo, á tún padà wá jókòó. Àwọn oníbàárà mi rò pé òun ló bí mi, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, ọkùnrin yìí ló tọ́ mi. Kò yẹ kó wà ní Egbeda rárá. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, bí mo sì ṣe gbé e síbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Iṣẹ́ mi ò nira láti ṣàlàyé. Mo ń ya ìyàwó, mo ń ya ọmọ tuntun, mo ń ya òkú tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Mo sì máa ń bínú. Ènìyàn á jókòó síwájú mi pẹ̀lú ojú tí Ọlọ́run fún un, á ní kí n bá òun sọ imú di tín-ín-rín, kí n bá òun bó àwọ̀ díẹ̀, kí n yọ ọkọ àná kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìgalà ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Nítorí náà, lọ́dọọdún, tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí omi inú kòtò ojú ọ̀nà Idimu bá gbẹ, tí eruku gbapò rẹ̀, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ kan, màá gbé kámẹ́rà mi, màá wọkọ̀ lọ sílé wa ní Òkè-Ògùn. Mo kàn máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé orí òkè ni mò ń lọ. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sórí òkè ní Egbeda, àdúrà ló ń lọ gbà, kò sẹ́ni tó máa rò ó sí nǹkan míì. "Ẹ rántí wa níbẹ̀ o," ni ìyá tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń wí. "Lọ́dún yìí, ọkọ yẹn gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀ kalẹ̀." Màá ṣe àmín. Ẹnu mi ò lè ṣàlàyé fún un pé ọ̀bọ ni mò ń lọ wò.

Lóòótọ́, ọ̀bọ wà níbẹ̀. Ọyẹ́ kì í dé Èkó tán kó tó dé orí òkè wa. Ní ìdájí, kùrukùru á bo gbogbo ìsàlẹ̀ débi pé orí igi ìrókò nìkan lèèyàn á máa rí. Tí oòrùn bá yọ, àwọn ìjímèrè á jáde wá jókòó sórí àpáta, wọ́n á kó ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n á máa yá oòrùn, kò sẹ́ni tó máa bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Odò á ti fà, omi á wá ku ìwọ̀nba inú ihò àpáta, ẹran á sì máa wá mu níbẹ̀. Koríko á ti pọ́n, á ga ju èèyàn lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń mú mi kiri. Ọdẹ ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé ìbọn kọ́ tipẹ́, ó ní èyí tí òun ti pa tó gẹ́ẹ́. Òun ló ní kí n má fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, kí n má wọ aṣọ tó ń dún, kí n jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹran wá sọ́dọ̀ mi. "Ẹran ò ní fojú rí ẹ," ló máa ń wí. "Imú ló máa fi kà ẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọ̀sán. Inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń fẹ́ sunkún.

Nǹkan kan wà nílùú wa tó yẹ kí n kọ́kọ́ là yé ẹni tó ń kà á. Ẹnikẹ́ni kì í kàn ṣáná sí ìgbẹ́ òkè. Koríko yẹn gbọ́dọ̀ jó lọ́dọọdún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọdẹ ò ní ríran, ewé tútù ò sì ní hù fún ẹran. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń dá a. Onítọ̀hún á máa gun òkè láràárọ̀, á wo afẹ́fẹ́, á wo ọkà tó kù lóko, á wo ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Tí gbogbo rẹ̀ ò bá tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní sọ nǹkan kan. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á sọ̀ kalẹ̀, á sọ fún ìlú pé ọ̀túnla ni. Ní ọ̀la yẹn, gbogbo olóko á ro etí oko wọn títí ilẹ̀ pupa á fi hàn, kí iná má baà rí nǹkan jẹ wọlé. Apá ibi tí oòrùn ti ń yọ kì í sì í jó rárá. Ẹran tó bá ní ọmọ lẹ́yìn ni wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún.

Ìdílé wa ló ń dá ọjọ́ iná, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sì wà nídìí rẹ̀. Kò joyè kankan. Ilé rẹ̀ ò ju yàrá mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti ń lọ, kò sí ibi tó máa gbà kọjá tí olóko ò ní nà dúró nínú ebè, kó bi í pé: "Bàbá, ṣé ó ti kù díẹ̀?" Òun náà á wo ojú ọ̀run, á ní: "Ẹ ṣì ní sùúrù." Mo mọ bó ṣe máa ń rìn lẹ́yìn tí wọ́n bá bi í bẹ́ẹ̀. Àyà rẹ̀ máa ń yọ síwájú díẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò pẹ́ kó tó lọ. Mo ti fọ́nnu fún àwọn oníṣẹ́ fọ́tò tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé màá mú àwòrán kan wá síbi ìpàtẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe l'Ékòó tí ẹnu máa ya gbogbo wọn. Àárọ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó lórí àpáta. Koríko ga, ẹran ń rìn nínú rẹ̀ bí ẹja inú omi, ìrù nìkan ni mò ń yà. Bẹ́ẹ̀, ìyàwó kan ń retí mi ní Gowon Estate lọ́jọ́ Sátidé, mo sì gbọ́dọ̀ lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Lálẹ́ Ọjọ́rú, bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ kàn bá mi sun díẹ̀ lára koríko yẹn. Kò ju àgbàlá ilé lọ."

"Àgbàlá? Iná mọ àgbàlá ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ iná ṣá. Ta ló máa bi yín?"

"Torí pé èmi ni mo ni ín ni mi ò ṣe lè ṣe é. Wọn ò tíì ro oko. Ìyá tó wà nísàlẹ̀ yẹn ò tíì kó ọkà rẹ̀."

Ìyá tó ń wí yẹn, opó ni. Oko ọkà bàbà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí oòrùn ti ń yọ. Mo mọ̀ ọ́n, ó máa ń fún mi ní omi mu. Ṣùgbọ́n ìpàtẹ ló wà lọ́kàn mi, kì í ṣe opó. Mo gbé àwo sílẹ̀, mo kọjú sí ibòmíràn, mo ní: "Ó dáa. Ká ní bàbá mi wà láàyè ni, mi ò bá má bẹ ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti ń lò ó láti kékeré. Mo fi gba bàtà ọdún. Mo fi gba kámẹ́rà mi àkọ́kọ́, èyí tó ta àgbò méjì kó tó rí rà. Mo mọ̀ pé tí mo bá ti dárúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú, ọkùnrin náà ò ní lè sọ pé rárá. Mo mọ̀, mo sì sọ ọ́. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ó ní ibì kan wà láàárín òkè, tí àpáta yí i ká lọ́nà mẹ́ta, kò ju yàrá kan lọ. Òun máa ro ẹ̀gbẹ́ kẹrin, òun máa gbé omi dání, a ó sì pa á lójú ẹsẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lé orí òkúta, ó fi àdá ro ẹ̀gbẹ́ kẹrin yẹn títí ó fi dé ìdajì. Ó wá ní kí òun tètè lọ rọ omi, kí òun wá parí rẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé èjìká. Ó ti rìn díẹ̀ kó tó yíjú padà. "Dúró dè mí o. Má ṣe nǹkan kan títí n ó fi dé."

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí ìgalà náà fi yọ. Abo ni, ó ní ọmọ lẹ́yìn, ọmọ náà ò tíì ga ju ajá lọ. Wọ́n dúró sétí koríko, wọ́n ń jẹ ewé. Oòrùn ń gba inú ọyẹ́ yọ, gbogbo nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú, irú ìmọ́lẹ̀ tí èèyàn lè máa wá fún ọdún mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ lọ. Mo rò ó pé tí Bàbá bá fi máa dé, ẹran á ti lọ, oòrùn á ti funfun. Ìṣáná wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ lórí òkúta níbẹ̀. Mo yọ ọ́, mo ṣá a, mo fi í sí ìdí koríko, mo sáré gun àpáta, mo kúnlẹ̀ sídìí kámẹ́rà. Gbogbo rẹ̀ ò gbà mí ní àkókò tí mo fi ń de ìlẹ̀kẹ̀ sí ìyàwó lọ́rùn.

Iná ru, ẹran náà fò, mo tẹ kámẹ́rà. Àwòdì tí mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti wá ti wà lókè, wọ́n mọ̀ pé ibi tí iná bá wà ni oúnjẹ wà. Mo wo àwòrán náà níbẹ̀, mo pariwo ayọ̀. Mo ṣì ń pariwo nígbà tí afẹ́fẹ́ yíjú. Iná náà gba ibi tí Bàbá ò tíì ro bọ́ síta, ó kọrí sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ó ń dún bí òjò orí páànù.

Bàbá sáré dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ó da gbogbo rẹ̀ sí i, kò já mọ́ nǹkan. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi, ó ń fi lu iná. Èmi náà ń lù ú. Àwọn ará ìlú rí èéfín, wọ́n dé pẹ̀lú àdá àti ewé tútù. Ọ̀sán ti ń pọ́n kí a tó borí rẹ̀, oko ọkà opó yẹn sì ti jó tán. Ìyá náà ò pariwo. Ó jókòó sínú eérú, ó ń ṣa orí ọkà kọ̀ọ̀kan, ó ń wá hóró tí kò jó, ó ń kó o sétí ìró. Mo rò pé tó bá bú mi ni, ì bá sàn.

Nílé wa, tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á pe gbogbo ènìyàn jọ nírọ̀lẹ́, wọ́n á sì béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé ẹ̀rù lè mú ẹni parọ́ lẹ́ẹ̀kíní, ìbínú lè mú un parọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n béèrè: "Ta ló ṣáná?" Mo la ẹnu. Ọlọ́run rí mi, mo la ẹnu. Bàbá ní: "Èmi ni." Wọ́n wò ó. Wọ́n tún béèrè. "Èmi ni." Ẹ̀ẹ̀kẹta: "Èmi ni, mo ti sọ bẹ́ẹ̀." Ẹnu tí mo là yẹn, mímí ni mo fi mí.

Wọ́n gba ọjọ́ iná lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u. Ilé kọ̀ọ̀kan dá ọkà jọ fún opó náà. Ní ọjọ́ Ẹtì mo wọkọ̀, ní Sátidé mo ya ìyàwó tó ń retí mi ní Gowon Estate. Ìyá ìyàwó ń yínmú sí mi, ó ní: "Àǹtí, ṣé ẹja lẹ yan kẹ́ ẹ tó wá ni?" Mo ti fọ irun mi lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo ṣí àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà ni mo tó rí i pé ọmọ ìgalà wà ní igun òsì. Kò tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ó yíjú padà sínú èéfín. Mo gé igun náà kúrò. Ọwọ́ mi tó ti ń gé ọkọ àná kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa. Níbi ìpàtẹ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n fún mi ní àwo gíláàsì kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, wọ́n bi mí bí mo ṣe ṣe é. Mo ní sùúrù ni.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá dé Egbeda pẹ̀lú báàgì kan. Ó ní òun kàn wá kí mi. Kò padà lọ mọ́. Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n mọ ohun tó lé e kúrò nílé. Ó ní àwọn èèyàn ṣì ń kí òun. Wọ́n ń kí òun dáadáa, wọ́n ń béèrè ara òun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dúró nínú ebè mọ́ láti bi òun bóyá ó ti kù díẹ̀. Bó ti sọ ọ́ nìyẹn, ó sì ń mu ògì rẹ̀ lọ. Èmi ni mo dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá rí wa á ní mo ṣe ọmọ. Mò ń lọ sí Shasha fúnra mi lọ ṣa èlùbọ́ tó fẹ́ràn, mo ra ìrọ̀rí tó dáa, mo ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí yàrá rẹ̀. Ọkàn mi ń tàn mí jẹ pé bí mo ṣe ń bọ́ ọ yẹn, mò ń san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó máa rìn sí. Ojú ọ̀nà Egbeda ò ní àyè fún arúgbó. Kẹ̀kẹ́ á gba iwájú rẹ̀, ọ̀kadà á gba ẹ̀yìn rẹ̀, ọlọ́jà á ti tẹ́ ata sí ibi tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀. Ọjọ́ kan mo mú un lọ sí Igando kó wá wo àwọn lékeléke tó ń bọ̀ sórí ààtàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ní ká jọ yà wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ó ní: "Àwọn wọ̀nyí ò bẹ̀rù èèyàn mọ́," ó sì ní ká máa lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ó di bẹ́ǹṣì. Orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún tó bá fẹ́ dìde.

Ọ̀rọ̀ iná, kò bá mi sọ ọ́ rí. Èmi náà ò sọ ọ́, mi ò sì gun òkè wa mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo ti ṣírò rẹ̀ pé ó ṣì ku ọdún mẹ́tàdínlógún.

Lọ́dún yìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni, ọdẹ kan láti ìlú wa wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀rẹ́ Bàbá ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ni. Ó wá kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ikotun, ó ní òun ò lè débẹ̀ kí òun má yà kí wa. Bàbá ti lọ kírun ọ̀sán. Mo kúnlẹ̀, mo gbé àga fún un, kò jókòó. Ó dúró níwájú fọ́tò náà.

"Ìwọ lo yà á?"

"Èmi ni, sà. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, mo kàn wà níbẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín burúkú. "Níbo lo dúró sí?"

Mo tún sún àga náà mọ́ ọn.

"Iwájú iná lo wà," ló wí. Ó fi ìka tọ́ ọ lórí gíláàsì. "Ẹran ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, iná ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí iná bá ṣèèṣì ká mọ́, ṣe ló máa ń sá. Ìwọ ti kúnlẹ̀ dè é."

"Bàbá..."

"Èmi àti bàbá rẹ la jọ wà létí odò láàárọ̀ yẹn, àbí o ò mọ̀? Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń rọ omi sí kẹ́ẹ̀gì, nígbà tí a gbóòórùn èéfín. Báwo ló ṣe máa wà létí odò, kó tún wà lókè, kó máa ṣáná?"

Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì Bàbá. Mo ní: "Ẹ mọ̀."

"Ta ni ò mọ̀? Ìyá ọlọ́kà gan-an mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá gba ọjọ́ iná lọ́wọ́ wọn?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbẹ́kọ̀ọ́ rí. "Àgbàlagbà sọ pé òun ni. A bi í lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ká wá ní irọ́ ló ń pa níwájú ọmọdé? A gba ohun tó sọ. A ní tó bá di ọ̀la, ìwọ á wá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, a ó dá nǹkan rẹ̀ padà fún un. Ọ̀la yẹn la ṣì ń retí."

Ó sọ fún mi pé láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbà láti dá ọjọ́ iná torí pé ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè. Oníkálukú ń ṣáná bó ṣe wù ú. Apá ibi tí oòrùn ti ń yọ náà ti ń jó lọ́dọọdún. Tí mo bá lọ síbẹ̀ báyìí, ló ní, aláǹgbá ni mo máa yà.

Ohun tí mo ti rò ni pé Bàbá ló bò mí. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ìlú ni ò pè é ní òpùrọ́ nítorí ọ̀wọ̀, wọ́n sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún mi kí n gbà á padà wá, pé bí mo ṣe ń jí láràárọ̀ tí mi ò sọ nǹkan kan, èmi ni mò ń gba ọjọ́ iná lọ́wọ́ rẹ̀ lákọ̀tun. Bàbá wọlé nígbà náà. Àwọn méjèèjì dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń pe oríkì ara wọn, ohùn Bàbá tún lọ sókè bíi ti àtijọ́. Àyè wà fún mi láti sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ n lọ ra mínírà fún yín. Mo dúró sétí títì pẹ̀lú ìgò méjì lọ́wọ́ títí wọ́n fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí mo padà, àlejò ti ń bọ bàtà. Ó ní: "A ó máa retí."

Ọjọ́ mẹ́fà ló tún gbà mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, kí oníbàárà tó dé, mo kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì. Mo ní: "Bàbá, mo fẹ́ lọ sílé lọ sọ pé èmi ni mo ṣáná." Ó kọ́kọ́ fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ yípo tán. Ó wá ní: "Mo ti rò pé màá kú kó o tó sọ ọ́." Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún, ó lọ di ẹrù.

Wọ́n bi èmi náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ pé èmi ni. Àwọn kan mi orí, àwọn kan ń wo ilẹ̀ nítorí mi, ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ní kí Bàbá gba ọjọ́ iná rẹ̀ padà. Ìyá ọlọ́kà wà níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń túká, ó wá bá mi, ó fi ọwọ́ kan apá mi, ó ní: "Ṣé fọ́tò náà dáa?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a lọ sẹ́sẹ̀ òkè, Bàbá, èmi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọdẹ, pẹ̀lú àwọn mélòó kan. Bàbá gùn ún dé àpáta àkọ́kọ́, ibi tó máa ń fò kọjá tẹ́lẹ̀. Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì, ó jókòó. Ọdún mẹ́ta orí bẹ́ǹṣì ti wà nínú orúnkún yẹn. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi lọ. Ó yọ ẹ̀kúnwọ́ òwú kan nínú àpò, ó ní tí mo bá dé góńgó, kí n jù ú sókè, kí n wo ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbé e lọ, kí n wò ó títí á fi balẹ̀, kí n wá sọ fún òun.

Mo gùn ún bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ju òwú náà sókè. Ó rọra ń lọ, ó ń lọ sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, níbi tí kò sí oko ẹnikẹ́ni, kò ṣẹ́rí padà rárá títí ó fi balẹ̀ sórí koríko. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, èémí mi ò délẹ̀. "Bàbá, ibi tí oòrùn ń wọ̀ ló lọ. Ó lọ tààrà. Kò yí."

Ó wò mí. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ ò le, àánú pàápàá wà níbẹ̀. Ó tún ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ òwú míràn, ó nà án sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Dákun," ló wí, "bá mi gùn ún wò."

Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró. Mo bọ́ sínú koríko kí ọdẹ náà lè ráyè kọjá.